Ọmọ Mi Ń Ju Ọwọ́ Bí Ẹyẹ, Ó Tún Ń Yí Orí: Ṣé Gìrì Ló Fẹ́ Mú Un?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 7 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó bá ti rí abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, á na apá méjèèjì, á máa jù wọ́n bíi pé ó fẹ́ fò, á sì máa yí ọrùn ọwọ́ po. Bí oorun bá ń kùn ún, á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì lórí ẹní, títí irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ fi re tán. Nígbà míì, á kàn gbọ̀n rìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára, kì í tó ìṣẹ́jú àáyá 3. Ìyá ọkọ mi jí kírun àsùbáà lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i tó gbọ̀n, wọ́n ní gìrì ló ń bọ̀, wọ́n sì ti po àgbo sínú ìgò. Aládùúgbò mi ní òun rí i lórí fóònù pé ọ́tísìm ni, èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ bá ènìyàn lò bó ṣe yẹ. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ti ń jókòó fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ọ̀kadà bàbá rẹ̀ bá ti ń bọ̀ ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ohun kan tó ń já mi láyà ni pé nígbà tí mo bí i, jọ́ńdíìsì mú un, ojú àti ara rẹ̀ yẹ́lò, ọjọ́ 3 ló lò lábẹ́ iná ọsibítù. Ṣé irun orí rẹ̀ náà á tún hù?

Ìyá ọlọ́mọ, Ẹ̀pẹ́.

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Kí n tó sọ ohunkóhun: nínú nǹkan 3 tí ẹ kà sílẹ̀, kò sí èyí tó jọ gìrì. Jíju ọwọ́, yíyí orí, gbígbọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí omi tútù bà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé ọmọ tó ń ṣe ọ̀kan nínú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Àmọ́ mi ò ní fi ibẹ̀ sílẹ̀, torí nǹkan kan wà tó yẹ kí gbogbo ìyá ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan mọ̀, ó sì jọ ohun tí kò tó nǹkan ju tiyín lọ.

Ní ọdún 1979, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, obìnrin tó ń jẹ́ Esther Thelen, tẹ ìwádìí kan jáde. Ọmọ 20 tí ara wọn dá ṣáṣá ló ń wò, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti ọ̀sẹ̀ 4 títí wọ́n fi pé ọdún kan. Kò fún wọn lóògùn, kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó kàn ń wò wọ́n, ó ń kà. Ohun tó ń kà ni ìṣe tí ọmọ ń ṣe ní àṣetúnṣe bí ẹni tó ń jó sí ìlù: títa ẹsẹ̀, mímì lórí eékún, gbígbọn ọwọ́, fífi nǹkan lu ilẹ̀. Oríṣi 47 ló kà. Ọmọ tí kò ní àìsàn kankan ni o.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ obìnrin yẹn ni pé ìṣe kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀yà ara tí ọmọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò láìpẹ́ ni á máa gbọ̀n, tí á máa jù. Ẹ ó rí ọmọ tó fẹ́ rá: á gbé ara rẹ̀ sórí ọwọ́ àti eékún, kò ní lọ síbi kankan, á kàn máa mì síwájú mì sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ èbúté Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ kan okùn já, ó di ìdí ààrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọwọ́. Oṣù 7 ni ọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú, tí wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ ọ̀tún sí ti òsì, tí wọ́n ń fi gbá abọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ẹ̀kọ, kò tíì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́.

Ti orí yíyí, ohun tó ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀yin ń ṣe bí ẹ bá pọ̀n ọ́n tí ẹ ń jó lẹ́sẹ̀ kan kó lè sùn. Ó ń rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún ni. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 9. Àwọn kan ń yí orí, àwọn kan ń mi gbogbo ara, àwọn kan tilẹ̀ ń fi orí gbá ògiri tàbí igi bẹ́ẹ̀dì, tí ìyá wọn á sì máa bẹ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ wọn á ti fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 3 sí 5. Ẹ má fi aṣọ dè é lórí, ẹ má sì to ìrọ̀rí yí i ká, torí ìrọ̀rí lè bò ó nímú. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó yí i.

Gbígbọ̀n rìrì ẹlẹ́ẹ̀kan yẹn náà, a mọ̀ ọ́n. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí inú ọmọ bá dùn, bó bá ń jẹun, bó bá ń tọ̀, nígbà míì láìsí ìdí kankan. Kò ní dákú, ojú rẹ̀ kò ní yí, bó bá ti gbọ̀n tán á tún máa bá eré rẹ̀ lọ. Bó bá ń dàgbà, á lọ. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sì nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, kí ẹ lè ṣe é nílé. Bí ọmọ ọwọ́ tuntun bá ń gbọ̀n lápá tàbí lágbọ̀n nígbà tó ń ké, ẹ fi ọwọ́ yín di apá náà mú wẹ́rẹ́, ẹ ká a díẹ̀. Bó bá dúró sínú ọwọ́ yín, gbígbọ̀n lásán ni. Ebi lè fà á, òtútù lè fà á, ẹkún lè fà á. (Bó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan ni, tó sì ń gbọ̀n lemọ́lemọ́, ẹ gbé e wá bó ti wù kó rí, ṣúgà rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀.) Bó bá jẹ́ gìrì ni, ẹ dì í mú dì í mú, á máa gbọ̀n nínú ọwọ́ yín náà ni. Ti ojú oorun yàtọ̀. Ọmọ oṣù 1 tàbí 2 lè máa já apá àti ẹsẹ̀ wìtìwìtì lójú oorun, àwọn àgbà á ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá bá a ṣeré. Ẹni yẹn, ẹ má dì í mú, dídì lè mú kó pọ̀ sí i. Ẹ jí i. Bó bá ti la ojú tí gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró pátápátá, ẹgbẹ́ náà ti lọ nìyẹn.

Gìrì tí gbogbo wa mọ̀, tí àwọn kan ń pè ní ilé tútù, ara gbígbóná ló sábà máa ń gbé e wá, láàárín oṣù 6 sí ọdún 5. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà wà lára ohun tó ń fà á jù ládùúgbò wa. Ojú á yí sókè, eyín á pa pọ̀, ara á le, apá àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n ní ìlù kan náà. Ẹ pè é, kò gbọ́. Bó bá tú, á sùn bí ẹni tó ti oko dé. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má rọ kẹrosíìnì sí i lẹ́nu. Bó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 5 láìdáwọ́ dúró, kí ẹ ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn. Bó bá dá kó tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì gbé e wá lọ́jọ́ náà, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ní ti àgbo Màmá, mi ò mọ ohun tí wọ́n fi pò ó, mi ò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n béèrè. Àgbo gìrì àtijọ́ tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, àlùbọ́sà àti ẹfinrin pò, àwọn olùwádìí nílẹ̀ wa níbí ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970: ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń mú mímí rẹ̀ rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà tó bá wálẹ̀ jù, gìrì ló ń fà. A fún ọmọ tí kò ní gìrì ní oògùn gìrì, ó wá di ẹni tó ń ṣe gìrì. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóru, ọmọ tí kò ṣe ju kó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ nírọ̀lẹ́. Ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà. Ẹ ní dókítà ní kí wọ́n bá òun gbé ìgò náà sókè ná. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n sì wà nísàlẹ̀.

Nǹkan tí mo ní ó jọ ohun tí kò tó nǹkan nìyí. Irú gìrì kan wà tí kò jọ gìrì.

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan gbé ọmọ oṣù 5 wá bá mi. Ẹja ló ń tà ní ọjà Olúwo, òórùn ẹja yíyan ṣì wà lára ìró tó fi pọ̀n ọ́n. Ó ní bí ọmọ bá ti jí láàárọ̀, á máa ká ara jọ bíi pé inú ń run ún, á sì ké láàárín. Mo fọwọ́ tẹ inú ọmọ, ó rọ̀. Ọmọ kò ṣe nǹkan kan lójú mi. Mo ní inú rírun ni, mo ní kó máa jẹ́ kí ọmọ gùfẹ̀ bó bá mu ọmú tán. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà ló padà. Ó ti yá fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ká fídíò. Ọmọ jí, ó la ojú. Orí rẹ̀ já sísàlẹ̀ lójijì, apá méjèèjì ṣí bí ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra, eékún fà sókè sí ikùn. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí 2 lọ, ó tú. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà lọ́kàn: mo ka 8, orí tún já. Mo ka 10, ó tún ṣe é. Ìgbà 21 ni kí fídíò náà tó parí, ọmọ sì ń ké láàárín bíi pé ó ya òun náà lẹ́nu. Ìyá àgbà ilé wọn ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àlùfáà ni ọmọ yìí máa jẹ́, ó ti ń lọ rúkúù. Mo béèrè bóyá ọmọ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ dákẹ́, ó ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 2, mi ò rí ẹ̀rín rẹ̀ mọ́."

Rúkúù tí ìyá àgbà yẹn sọ, òun náà ni àwọn dókítà Òyìnbó ìgbà kan rí: orúkọ tí wọ́n fún un láyé ọjọ́un ni gìrì sàláámù, torí bí orí ṣe ń tẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ni William West, dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú lẹ́tà tó kọ sí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 1841. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń ṣe é. Dókítà ni, síbẹ̀ kò rí ìwòsàn fún un, ó kọ lẹ́tà náà bóyá ẹnìkan á mọ ohun tó lè ṣe. Lónìí, oògùn wà, sítẹ́rọ́ìdì tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní vigabatrin. Ọsibítù ni wọ́n ti ń fún ọmọ, kì í ṣe kẹ́mìsì. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọpọlọ ọmọ á jèrè rẹ̀. Ọmọ oníṣòwò ẹja yẹn rí ìtọ́jú, gìrì náà dúró, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rìn, ó sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sọ̀rọ̀. Bóyá ọ̀sẹ̀ 3 tí mo fi ṣòfò ló fà á, bóyá kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ní ọmọ òun ń ká ara jọ bó bá jí, mi ò sọ inú rírun mọ́ títí màá fi rí i pẹ̀lú ojú mi.

Nítorí náà, àmì tí ẹ ó máa wò nìyí. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 sí 8. Ó fẹ́ràn àkókò tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ó máa ń tẹ̀ léra wọn, ọ̀kan, ó dúró díẹ̀, òmíràn. Ẹ gbé ọmọ, kò dáwọ́ dúró. Ẹ fún un ní nǹkan ìṣeré, kò dáwọ́ dúró. Ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Torí pé ó máa ń bọ́ sí àkókò abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 14, àwọn ìyá kan á ní abẹ́rẹ́ ló fà á. Abẹ́rẹ́ kọ́, ọjọ́ orí wọn ló pàdé. Bí ẹ bá rí irú nǹkan báyìí, kì í ṣe pé kí ẹ dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá, LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n á ti lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ láti ka bí iná inú ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í dun ọmọ. Ọ̀nà jìn, mo mọ̀, ẹ gba Lẹ́kí o, ẹ gba Ìkòròdú o, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ wà níbẹ̀. Ẹ lọ.

Ti ọ́tísìm tí aládùúgbò sọ, màá yára kọjá. Kò sí ẹni tó lè wo ọmọ oṣù 7 tó ń ju ọwọ́ nítorí ẹ̀kọ kó ní ọ́tísìm ni. Àwọn ọmọ tó ní in ń ju ọwọ́, òótọ́ ni, àwọn tí kò ní in náà ń jù ú. Ohun tí a ń wò ni bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò: ṣé ó ń wo ojú yín, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín padà, ṣé ó ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀ bó bá fi máa pé ọdún kan, ṣé ó ń na ìka sí nǹkan láti fi hàn yín bó bá pé ọdún kan ààbọ̀. Bí ọmọ bá pàdánù ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀rín tó ti ní tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ orí èyíkéyìí, ẹ gbé e wá. Fídíò orí fóònù tí aládùúgbò rí, ọmọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀.

Àní, kí n sọ òdìkejì rẹ̀. Heinz Prechtl, ọmọ ilẹ̀ Austria, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wo bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mira lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí i pé láàárín oṣù 3 sí 5, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ dá kì í dúró jẹ́ẹ́; ọrùn, apá, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọmọ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí a tètè yẹ̀ wò. Nínú kílíníìkì mi, ìyá tó ní "ọmọ mi jẹ́jẹ́, kì í yọ mí lẹ́nu, kì í mira" ló ń mú mi dìde lórí àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ oṣù 6 tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, tí èkejì dì sí ẹ̀ṣẹ́. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Kó tó pé ọdún kan, ọwọ́ méjèèjì ló yẹ kó máa lò.

Ọ̀rọ̀ jọ́ńdíìsì yín ni mo dúró lé jù. Ó dára tí ẹ sọ ọ́. Bí yẹ́lò yẹn bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí kò rí iná, ó lè wọ ọpọlọ. Ní ọjọ́ náà gan-an, ọmọ á le, á fa ẹ̀yìn bí ọrun, á máa ké ní ohùn tó ga fíofío, kò ní lè mu ọmú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á wá máa lọ́ apá àti ọwọ́ po láìmọ̀, ọrùn rẹ̀ kò ní dúró, etí rẹ̀ sì lè di. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé ó ń jókòó fúnra rẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ó ń gbọ́ ọ̀kadà bàbá rẹ̀. Gbólóhùn méjì yẹn ni mo ń wá láti òkè lẹ́tà yín dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣì gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí, torí ọ̀kadà pariwo, ọmọ tó gbọ́ ọ̀kadà lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibi tí ẹ bí i sí iye tí jọ́ńdíìsì náà ga dé, ẹ kọ ọ́ sínú káàdì. Bí ẹ bá sì tún bí òmíràn, ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí káńfọ̀ ń tú, ibẹ̀ sì ni yẹ́lò náà ti ń pọ̀ sí i.

Iṣẹ́ Màmá wá dé. Àwọn ló ń jí kí gbogbo ilé tó jí. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé fún ọ̀sẹ̀ 2, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, kí wọ́n jókòó ti ọmọ, kí fóònù wà lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ yín, kí ẹ ká fídíò rẹ̀ bó bá jí. Kí gbogbo ara rẹ̀ hàn, láìsí aṣọ lórí rẹ̀, kí ojú rẹ̀ hàn, kí iná tàn. Kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ nínú fídíò náà, ká rí bóyá ó wò yín. Ẹ gbé fídíò yẹn àti ọmọ wá sí kílíníìkì tó bá sún mọ́ yín. Bó bá jẹ́ gbígbọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni, dókítà á rí i, á rẹ́rìn-ín, Màmá á sì rí i pé àwọn ló ṣe àyẹ̀wò náà. Mo ti rí i tí ìyá ọkọ da àgbo nù fúnra rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Lóṣù díẹ̀ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba, á máa wo àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n á sì ní ó ń wá àbúrò. Ìyẹn, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ni kí ẹ jọ jókòó sọ ọ́.

Irun rẹ̀ á hù. Ẹní ló ń ha á. Ó ti ń jókòó báyìí, láìpẹ́ á máa rá, kò ní fi ẹ̀yìn orí lélẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ mọ́. Ẹ má fi nǹkan kan pa á, ẹ má sì fá èyí tó kù.